Iṣu Tí Wọn Kò Gé Wò

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní ààfin nítorí iṣu kan ṣoṣo. Kò jí iṣu náà. Nínú oko ara rẹ̀ ló ti wà á, kò sì fi ẹnu kàn án. Alága, fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yẹn sórí tábìlì ná, kí o jókòó. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ, mo sì mọ ohun tí o fẹ́ lọ fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣe. Gbọ́ ti ọkùnrin yìí kí o tó lọ.

Àgbẹ̀ ni. Ìlú ńlá kan nínú ọ̀dàn ni wọ́n bí i sí, níbi tí òjò ti máa ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí ilẹ̀ kò tó àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ́, ọba ní kí àwọn tó bá lágbára kọjá odò lọ sí ìhà igbó, kí wọ́n lọ tẹ ibẹ̀ dó. Àgbẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ yọ àdá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ìdílé mìíràn ṣán igbó, wọ́n sun ún, wọ́n mọ ilé. Ejò ṣán àwọn kan, ibà pa àwọn kan. Àwọn tó kù kò wẹ̀yìn. Àwọn ará ìlú ńlá ń pe ibẹ̀ ní Òdìkejì, bí ẹni pé abúlé náà kò tó ohun tí à ń sọ lórúkọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì gba orúkọ náà bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọba ní Òdìkejì tó àgbẹ̀ yìí. Bó bá jí láàárọ̀, á kọjú sí apá ibi tí ìlú ńlá wà, á dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, á ní, "Kábíyèsí." Ìyàwó rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Àyìnkẹ́, ṣé ẹ rò pé wọ́n gbọ́ yín lọ́hùn-ún?"

"Bí ọba kò gbọ́, ilẹ̀ gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ á wí, á gbọn iyanrìn kúrò láyà, á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n. Láyé àwọn baba wa, ẹnikẹ́ni kì í jẹ iṣu titun kí ọba tó jẹ ẹ́. Òfin rere ni. Kì í jẹ́ kí ọ̀kánjúwà hú iṣu tí kò tíì gbó. Ní ìlú ńlá, ọjọ́ tí ọba ń jẹ iṣu bá àsìkò mu gẹ́ẹ́, nítorí ìgbà náà gan-an ni iṣu ọ̀dàn ń gbó. Ṣùgbọ́n Òdìkejì kì í ṣe ọ̀dàn. Òjò ibẹ̀ ń tètè rọ̀, iṣu ibẹ̀ ń tètè gbó, bó bá sì ti gbó tán, odò á bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Omi á gun orí ilẹ̀, á bo ebè mọ́lẹ̀. Iṣu tí omi bá bá nínú ebè, jíjẹrà ló máa jẹrà. Kí ọba tó jẹ iṣu lọ́hùn-ún, ti Òdìkejì á ti di ẹrẹ̀.

Ọba fi ajẹ́lẹ̀ kan sí ibẹ̀ tí ó ń ṣojú rẹ̀. Àgbàlagbà ni ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti roko rí. Bí àkókò omi bá ti ń súnmọ́, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun, á wọlé, á pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn èèyàn á wa iṣu wọn, òórùn iṣu sísun á gba abúlé kan, bàbá á sì máa hanrun nínú ilé. Nígbà tí bàbá yìí kú, ọba rán òmíràn wá. Èyí mọ òfin, kò mọ oko. Bí iṣu ti ń gbó lọ́dún tó dé, ó lọ káàkiri oko, ó so màrìwò mọ́ orí ebè, ó ní ẹni tó bá wa iṣu kí ọba tó jẹ, ọ̀tá ọba ni.

Odò kò rí màrìwò. Ó kún bó ṣe máa ń kún, ó kó iṣu ọdún náà lọ. Òdìkejì jẹ èsúrú inú igbó, wọ́n jẹ ewé, wọ́n sin àwọn arúgbó méjì kan tí ara wọn kò gba ebi. Ìwọ̀nba iṣu tí ó wà lórí àká láti èṣí ni wọ́n gé ní èbù, wọ́n sì gbìn ín pẹ̀lú omijé. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí omi bá tún kó ti ọdún yìí, kò ní sí ohun tí wọ́n máa gbìn mọ́. Abúlé á tú ká nìyẹn.

Nítorí náà, kí iṣu tó gbó, wọ́n tọ ajẹ́lẹ̀ lọ, àgbẹ̀ yìí sì ni agbẹnusọ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òjò, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ó wá sọ ìgbà tí ọba máa jẹun fún ọba?" ni ajẹ́lẹ̀ bi wọ́n.

"Rárá o, ẹ má bínú. Odò ló ń sọ fún wa, àwa náà sì ń sọ fún yín."

"Ẹ lọ sọ fún odò kó dúró."

Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ajẹ́lẹ̀ wá pa òwe fún wọn: "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Òwe gidi ni, Alága, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ náà rí. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti fọ́ nídìí rẹ̀.

Àwọn obìnrin náà lọ tiwọn. Wọ́n gbé ìkòkò òfìfo, wọ́n dojú wọn dé síwájú ilé ajẹ́lẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ tì wọ́n, wọn kò sọ̀rọ̀. Ajẹ́lẹ̀ ní kí ìránṣẹ́ rẹ̀ kan fi kùmọ̀ fọ́ ìkòkò náà. Ẹni náà fọ́ wọn. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ débi pé wọ́n fẹ́ lọ sun ilé ajẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí àgbẹ̀ yìí dúró sójú ọ̀nà tó na ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ọba kò mọ̀ ni. Bí ọba bá mọ̀, kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a fúnra mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ọba tó wà lọ́nà jíjìn ló máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ti ń di oúnjẹ ọ̀nà fún un, ó ní, "Bàbá Àyìnkẹ́, ẹ yára o. Odò ò ní dúró de ọba."

Àgbẹ̀ náà rò ó pé bí òun bá dé ààfin lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n á ní irọ́ ni, wọ́n á ní kò sí ibi tí iṣu ti ń gbó nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí oko. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọba níbi tí ó dúró sí, ó tú màrìwò kan, ó wa iṣu kan, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e bí ẹni ń wé ọmọ tuntun. Òun àti àna rẹ̀ ló jọ lọ. Ebi pa wọ́n lọ́nà, oúnjẹ wọn tán, iṣu náà wà lórí rẹ̀ títí wọ́n fi dé ààfin. Àna rẹ̀ tilẹ̀ ní kí àwọn gé díẹ̀ nínú rẹ̀ sun. Ó dá a lóhùn pé iṣu ọba ni.

Nígbà tí ó dé iwájú ọba, ó dọ̀bálẹ̀, ó tú ewé náà. Àwọn ìjòyè fò sẹ́yìn.

"Iṣu titun!" ni olórí ìjòyè kígbe. "Nínú ààfin! Nígbà tí ọba kò tíì jẹ! Ta ló wà á?"

"Èmi ni," ni àgbẹ̀ náà wí. "Mo wà á kí Kábíyèsí lè rí i pé ó ti gbó. Bí mi ò bá wà á, ẹ ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo wá wà á, ẹ ní mo rú òfin. Báwo ni kí n ṣe sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbọ́?"

Ọba kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wo iṣu náà. Ọ̀bẹ wà nítòsí ìtẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí ìjòyè wúkọ́, ọba sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Wọ́n gbé iṣu náà lọ jù sínú igbó, wọ́n gbé àgbẹ̀ náà lọ sí túbú. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá dé ibí yìí. Ìṣẹ́jú kan péré ló kù kí gbogbo ọ̀rọ̀ náà yanjú, àti ọ̀bẹ kan tó ti wà nílẹ̀.

Àna rẹ̀ nìkan ló padà sí Òdìkejì. Àwọn èèyàn péjọ síwájú ilé àgbẹ̀ náà, ó sì ròyìn fún wọn. Ìyàwó àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé ọba rí iṣu náà?"

"Ó rí i."

"Ṣé ó rí i pé ó gbó?"

"Kò gé e wò."

Obìnrin náà tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Ó tán."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lọ bá ajẹ́lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á kọjá. Kò rí ìkòkò kankan níwájú ilé rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ránṣẹ́ sí ọba pé Òdìkejì ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Alága, ṣé ò ń gbọ́ mi? Ohun tó yẹ kó lé oorun lójú rẹ̀ gan-an ló ń fi sùn. Kò mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń wá fi ìkòkò dí òun lọ́nà, wọ́n ṣì ka òun sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí omi odò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó fi hàn pé ó fẹ́ kún, gbogbo Òdìkejì jáde. Wọn kò yọ́ jáde, ojú oòrùn ni. Wọ́n bẹ ara wọn lọ́wẹ̀ láti oko dé oko, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n tú màrìwò kúrò lórí ebè, wọ́n wa iṣu. Ẹ̀rù bà wọ́n. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ẹ̀rù kò bà wọ́n. Wọ́n ń tú màrìwò ọba ní gbangba, ohun tí baba wọn kò ṣe rí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ru màrìwò náà lọ kó síwájú ilé ajẹ́lẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìyàwó àgbẹ̀ sì dáná síbẹ̀, ó ń sun iṣu.

Ajẹ́lẹ̀ jáde. "Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"À ń jẹun ni," ni obìnrin náà wí. "Ẹ wá jẹun."

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá ń jẹun nílẹ̀ wa kò lè ṣe kó má pe ẹni tó bá a nídìí oúnjẹ. Ó pè é tọkàntọkàn. Ajẹ́lẹ̀ yíjú sí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n mú un. Kò sí ẹni tó mira. Ebi ọdún tó kọjá kò yọ àwọn náà sílẹ̀. Níkẹyìn, èyí tó fi kùmọ̀ fọ́ ìkòkò ọjọ́sí sún mọ́ iná, ó lóṣòó, ó bèèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé epo wà ńbẹ̀?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gbọ̀n wọ́n bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lára rẹ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi sunkún. Ajẹ́lẹ̀ dúró sáàárín wọn, kò sì sí ẹni tó ń wò ó mọ́. Wọn kò nà án. Wọ́n di iṣu fún un, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá odò, wọ́n sì rán an sí ọba: "A ti jẹ iṣu. Láti òní lọ, ilẹ̀ tí à ń ro ni yóò máa sọ ọjọ́ tí a ó jẹun fún wa. Ẹ dá bàbá wa padà. A kò ní bá ọba jà bí ọba kò bá bá wa jà." Lẹ́yìn náà, wọ́n pọ́n àdá wọn, wọ́n fi àwọn géńdé ṣọ́ etí odò, nítorí wọn kì í ṣe òmùgọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ààfin, àwọn ìjòyè ní ogun ló kàn. Ṣùgbọ́n odò ti kún bo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọdá, kò sí ogun tó lè kọjá. Ọba ní láti dúró. Ó dúró, ó sì ń ronú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dá lọ sí túbú, ó sọ pé kí wọ́n gbé àpótí fún òun, ó jókòó síwájú àgbẹ̀ náà.

"Iṣu ọjọ́ yẹn," ni ọba wí, "ṣé ó gbó lóòótọ́?"

"Kábíyèsí, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ bá gé e wò."

Ọba wo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi dè é. Ó wá ní, "Bí mo bá tú ọ sílẹ̀, ṣé wọ́n á padà sábẹ́ mi?"

Ẹlòmíràn ìbá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n ṣáà tú u sílẹ̀. Àgbẹ̀ yìí kò lè parọ́ fún ọba. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń dáhùn, nítorí ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

"Rárá, Kábíyèsí. Ìgbà tí à ń bẹ̀ yín la wà lábẹ́ yín. Ẹ̀bẹ̀ ti tán."

"Kí ló wá kù?"

"Ó ku àlàáfíà, bí ẹ bá fẹ́ ẹ."

Ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà, kò sì sí ogun. Nígbà tí omi fà, àgbẹ̀ náà kọjá odò. Wọ́n ti ń dúró dè é létí omi, ìyàwó rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wọ inú omi lọ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Wọ́n ní kó wá jẹ olórí àwọn. Ó ní òun kò gbà, àfi bí wọ́n bá fi òfin kan ṣáájú gbogbo òfin: ní ìpàdé Òdìkejì, ẹni tí nǹkan ń dùn ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dá a lẹ́bi kí wọ́n tó yẹ ohun tó gbé wá wò. Wọ́n gbà. Títí di ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń yára dá ẹjọ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn á dá a lọ́wọ́ kọ́ pé, "Ṣé o ti gé e wò?"

Kò sì jáwọ́ nínú dídọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ kò sì jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́. Nígbà tí iṣu ọdún kejì gbó, ó wé ọ̀kan sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tún gbé e lọ sí ìlú ńlá. Ẹ̀bùn ni lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú u síwájú ọba. Olórí ìjòyè wúkọ́. Ọba ní kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá. Kò jẹ iṣu náà, nítorí ọjọ́ tirẹ̀ kò tíì pé, òfin ilé rẹ̀ kò sì burú fún ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gé e sí méjì, inú rẹ̀ funfun nini, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ó tán, Alága. Ó ku tìrẹ.

Àwọn ará àdúgbò tuntun tó wà lẹ́yìn afárá tún ń bọ̀ lónìí. O ní ariwo wọn ti sú ọ. O ní ìlú ló fún wọn nílẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ hàn, kí wọ́n máa wá sí ìpàdé ní ọjọ́ tí ẹ dá. Mo bi ọ́ pé ọjọ́ wo ni, o dárúkọ ọjọ́ náà fún mi, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ ọjà wọn. Ṣé ìwọ kò mọ̀ ni, àbí o kò bèèrè? Ní báyìí, o fẹ́ lọ ti gbọ̀ngàn pa kí wọ́n tó dé, kí wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí wọ́n kọ́gbọ́n.

Wọ́n máa kọ́gbọ́n. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa kí ọ lọ́nà dáadáa, ìwọ náà á sì wá sọ fún mi pé àdúgbò tuntun ti rọ̀ wọ̀ọ̀.

Mo jókòó síwájú ilé láàárọ̀ yìí nígbà tí àwọn kan lára wọn ń kọjá. Mo rí ìyá àgbà kan láàárín wọn tó gbé àga onípákó tirẹ̀ dání. Mo kí i, mo bi í pé ibo ló ń gbé àga lọ. Ó ní ẹ kì í fún àwọn níjòókòó, òun sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á pẹ́. Alága, ìyá náà ti múra láti jókòó tì ọ́. Ẹni tó fẹ́ yapa kì í gbé àga wá.

Ó yá, mú kọ́kọ́rọ́ rẹ. Wọ́n ti dé, mo ń gbọ́ wọn níbí yìí, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Lọ ṣí i fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì ń kàn án.